Àgbáyun ẹ̀yìnkùlé wa

Láti ìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró, tí ọyẹ́ sì ti ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀, ẹ̀yìnkùlé wa ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ bí mo bá ti jí, nítorí pé igi àgbáyun tí ìyá àgbà gbìn sí ẹ̀gbẹ́ kànga ti so. Èso náà kéré, ó pupa bí ata wẹ́wẹ́, kóró kan ṣoṣo ló sì wà nínú rẹ̀. Bí èèyàn bá jẹ ẹ́ lásán, adùn rẹ̀ kò tó nǹkan. Ohun tí a bá jẹ tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ wà: ọsàn wẹ́wẹ́ a di aládùn, ògì kíkan a dà bí ẹni pé a ti po ṣúgà mọ́ ọn, àgbálùmọ̀ tó kan jù pàápàá a sì di ohun tí a ń ṣa jẹ. Purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní miraculin, èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yọ jáde nínú rẹ̀ ní 1968, ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tí ahọ́n fi ń mọ adùn, tí ohun kíkan bá sì ti dé ẹnu, ahọ́n a gbà á bí ohun dídùn. Àwọn ìyá wa ti ń fi àgbáyun jẹ ohun kíkan tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fún purotéènì náà lórúkọ.

Èrò ọkàn mi ni pé ẹni tó ń gbé nítòsí igi àgbáyun ló ni ín ní ti gidi. Bí a bá já a lónìí, kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kó tó bàjẹ́, nítorí náà kì í ṣe èso tí a lè dúró dè kí wọ́n kó o wá láti ọ̀nà jíjìn. Ìdí nìyí tó fi ń dùn mí bí mo bá rí i tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì bo gbogbo àgbàlá ní àdúgbò wa, láti ògiri dé ògiri, láìṣẹ́ ilẹ̀ kékeré kan kù fún igi. Mo mọ ohun tí ẹrọ̀fọ̀ Èkó ń fi ojú ẹni rí, n kò sì bá ẹnikẹ́ni wíjọ́. Ṣùgbọ́n igi kékeré ni àgbáyun, ó fẹ́ràn ibòòji, kódà a lè gbìn ín sínú ìkòkò ńlá. Sùúrù nìkan ló ń béèrè, nítorí ó máa ń tó ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó so.

Ní Sátidé tó kọjá, oòrùn ràn dáadáa, afẹ́fẹ́ ọ̀sà sì ń fẹ́. Mo fún àwọn ọmọ aládùúgbò wa ní àgbáyun kọ̀ọ̀kan, mo sì gé ọsàn wẹ́wẹ́ fún wọn. Èyí àbíkẹ́yìn wò mí lójú, ó ní, “Mọ́mì, ṣé ẹ fi ṣúgà sí i ni?” Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo ti ri àwọn kóró náà mọ́lẹ̀ nínú agolo mílíìkì kí wọ́n tó gbẹ, nítorí pé bí wọ́n bá gbẹ, wọn kì í hù mọ́. Ìyá àwọn ọmọ náà ti ṣèlérí pé òun yóò fi igun kan sílẹ̀ fún àwọn igi náà lẹ́yìn ilé.