Àìsùn kọ́ ló ń mú aṣọ yá
Ẹ̀yin télọ̀ tẹ́ ẹ sọ pé ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ l'Ákùúrẹ́ ò gbọdọ̀ sùn tí aṣọ ẹbí bá ti wọlé, kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹni tó ti lajú sílẹ̀ fún wákàtí 17, ojú àtọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ́ra bíi ti ẹni tó mutí. Ìgbà yẹn gan-an lèèyàn ń gé léèsì sódì: apá òsì méjì, kò sí ọ̀tún. Léèsì tẹ́ ẹ máa lọ rà dípò rẹ̀ ní Ọjà Ọba ti jẹ èrè tán. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ máa gé aṣọ. Bọ́tìnnì àti etí aṣọ lè dúró dìrọ̀lẹ́. Ẹ sun wákàtí 7, ó kéré tán. Tẹ́ ẹ bá ń dájọ́ fún oníbàárà, ẹ fi ọjọ́ méjì kún un. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ti ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ lọ jó níbi tí wọ́n ti wọ aṣọ tẹ́ ẹ rán.