Gáàsì AC kì í tán bí epo: ó ń jò ni, ti ọkọ̀ oníná sì léwu jù

"Ẹ bá mi fi gáàsì kún un." Ọ̀rọ̀ tí mo ń gbọ́ jù nìyí níbi iṣẹ́ mi ní Kábà, bí ọyẹ́ bá ti lọ tí oòrùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Àgbàlagbà ń sọ ọ́, awakọ̀ tó ń ná Lọ́kọ́ja ń sọ ọ́, bíi pé bẹntiróòlù ni. Àwa mẹkáníìkì la fi kọ́ wọn. Àwọn ọmọ wa tó wà l'Ábújá ti ń gbé ọkọ̀ oníná wálé báyìí, ìgbàgbọ́ yìí sì lè ba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ kọjá àtúnṣe, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ eléyìí.

Gáàsì AC kì í jóná. Inú páìpù tí wọ́n dí pa ló ń yí po sí. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ á fún un pọ̀, á gbóná. Kọ́ńdẹ́ńsà tó wà níwájú ọkọ̀ á gba ooru rẹ̀ dànù, á di olómi. Á gba ihò tóóró kan kọjá, á tutù, á wá fa ooru inú ọkọ̀ mọ́ra. Lẹ́yìn náà, ó tún padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi sí i ní ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ló yẹ kó ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Òótọ́ ni pé díẹ̀ lè máa yọ́ gba ara rọ́bà jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n AC tó ń tutù nígbà Kérésì tó wá dákẹ́ kí Àjíǹde tó dé, ihò wà lára rẹ̀.

Ti ọkọ̀ oníná ni ọ̀rọ̀ náà ṣe kedere jù. Nínú ọkọ̀ bẹntiróòlù, bẹ́líìtì ló ń yí kọ̀mpírẹ́sọ̀ láti ìta, gáàsì sì sábà máa ń jò níbi tí irin tó ń yí ti wọ inú rẹ̀. Ọkọ̀ oníná kò ní bẹ́líìtì yẹn. Inú ikùn kọ̀mpírẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ ni ohun tó ń yí i wà, wọ́n sì dí i pa. Bí gáàsì bá ń lọ, ẹ wo iwájú: òkúta wẹ́wẹ́ tí tírélà sìmẹ́ńtì ń fọ́n sẹ́yìn lọ́nà Obajana ti lu kọ́ńdẹ́ńsà tó pọ̀ lójú mi. Ẹ wo rọ́bà róbótó tó wà níbi tí páìpù ti pàdé. Ẹ sì wo ẹnu vávù tí a ń gbà fi gáàsì sí i.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fi okùn fa ọkọ̀ oníná kékeré kan dé ọ̀dọ̀ mi. Bàbá tó ni ín, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ní Ìyàrá, ló tẹ̀lé e.

"Okun o, ọmọ mi."

"Okun, Bàbá. Ẹ kú ìrìn."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti fi gáàsì sí i. Ìkẹta yìí, kò tiẹ̀ gbéra mọ́."

Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí n tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Gáàsì àti ọ́ìlì jọ ń rìn nínú AC. PAG ni ọ́ìlì tí a ń lò fún ọkọ̀ bẹntiróòlù, kò sì sí wàhálà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú kọ̀mpírẹ́sọ̀ oníná, ọ́ìlì ń wẹ ara wáyà tí iná ń gbà kọjá, iná tó lè tó 300 sí 400 fólìtì. POE ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, torí pé ó ń dá iná dúró. PAG kò lè dá a dúró bẹ́ẹ̀. Bí ó bá dà pọ̀ mọ́ ọn, iná á máa yọ́ lọ sára irin ọkọ̀; ọkọ̀ á mọ̀, á tan àmì ìkìlọ̀, ó sì lè kọ̀ láti gbéra kó má baà pa ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń fi gáàsì kún un kò mọ̀ pé agolo tí òun ń lò ní ọ́ìlì nínú. Ọ́ìlì tó ṣẹ́ kù sínú rọ́bà géèjì láti ara ọkọ̀ mìíràn pàápàá lè dá wàhálà sílẹ̀, torí náà mo ya rọ́bà ti ọkọ̀ oníná sọ́tọ̀ pátápátá. Ohun tí wọ́n ń pè ní oògùn adíhò nínú agolo, mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni dà á sínú ọkọ̀ oníná.

Bí ẹ bá gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó máa yọ iná ńlá náà kúrò, kó sì dúró kí èyí tó kù sínú rẹ̀ tán, kó tó fọwọ́ kan ibi tí wáyà olómi ọsàn wà. Kó fi náítírójìn wá ihò, pẹ̀lú omi ọṣẹ. Ẹ má gbà kó fa ọ́síjìn lọ́dọ̀ wẹ́dà: ọ́síjìn àti ọ́ìlì lè bú gbàmù. Afẹ́fẹ́ àwọn tó ń lẹ taya náà kọ́, omi wà nínú rẹ̀, POE sì máa ń fa omi gan-an. Lẹ́yìn tó bá dí ihò, kó fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbẹ, kó wá wọn gáàsì lórí òṣùwọ̀n. Irú gáàsì àti iye gíráàmù rẹ̀ wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun láti Yúróòpù ń lo gáàsì R-1234yf, tó lè gbiná. R-134a, gáàsì ti àtijọ́, kò lè rọ́pò rẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná tuntun, gáàsì yìí kan náà ló ń mú bátìrì tutù. Bó bá dín kù, bátìrì á máa gbóná, ọkọ̀ á sì máa pẹ́ kó tó gba iná tán.

Mo fi náítírójìn sínú ọkọ̀ Bàbá, mo da omi ọṣẹ sí i. Ẹnu vávù ló ń yọ ìfóófòó, níbi pín kékeré bíi èyí tó wà lẹ́nu taya. Ọmọrí rẹ̀ ti sọnù. Owó pín yẹn kò tó owó iyán alẹ́ kan. Ṣùgbọ́n kọ̀mpírẹ́sọ̀ ti bàjẹ́, a sì ní láti pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn páìpù tí ọ́ìlì burúkú náà ti wọ̀. Títí di òní, abẹ́ igi máńgòrò nílé Bàbá ní Ìyàrá ni ọkọ̀ náà wà, ó ń dúró de kọ̀mpírẹ́sọ̀ láti Èkó.