Barbara Castle ló gba owó ọmọ fún ìyá ọmọ

Ọ̀pọ̀ ìyá Yorùbá tó tọ́mọ ní London ló mọ child benefit dáadáa, ìyẹn owó tí ìjọba Britain ń san nítorí ọmọ. Láyé ìgbà kan, ìwé kékeré ni wọ́n máa ń mú lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Akọ̀wé á lu òǹtẹ̀ sí i, á sì ka owó lé wọn lọ́wọ́. Ó ń dùn mí pé ìwọ̀nba ló mọ ẹni tó jà kí owó yẹn tó di ti ìyá.

Barbara Castle ni, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Labour, tó ṣojú ìlú Blackburn nílé aṣòfin Britain láti 1945 títí di 1979. Ṣáájú òfin rẹ̀, ẹ̀dínwó owó orí tí ìjọba ń ṣe nítorí ọmọ, inú owó iṣẹ́ bàbá ló ń wọ̀. Owó kékeré tí ìyá ń gbà lọ́wọ́ ìjọba kò sì kan àkọ́bí rárá. Bí bàbá bá wá jẹ́ onínàákúnàá ńkọ́? Òfin 1975 tí Castle gbé kalẹ̀ ní kí ìjọba máa san owó lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, àkọ́bí pẹ̀lú, kí ìyá sì máa gbà á.

Obìnrin náà le. Nígbà tó jẹ́ mínísítà ètò ìrìnnà, ó mú ẹ̀rọ tí awakọ̀ ń fẹ́ atẹ́gùn sí wọlé ní 1967, kí ọlọ́pàá lè mọ ẹni tó mutí. Wọ́n bú u, wọ́n ní kí lobìnrin tí kò mọ mọ́tò wà mọ̀. Kò yẹsẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn obìnrin tó ń rán aṣọ ìjókòó mọ́tò nílé iṣẹ́ Ford tó wà ní Dagenham daṣẹ́ sílẹ̀, torí wọ́n kà wọ́n sí aláìmọṣẹ́, owó wọn ò sì tó tọkùnrin. Castle pè wọ́n wá sí ọ́fíìsì, wọ́n jọ mu tíì, wọ́n jọ sọ̀rọ̀. Ìdá 92 nínú 100 owó ọkùnrin ni wọ́n gbà níjọ́ náà. Kò tíì pé, ó di 1984 kí wọ́n tó kà wọ́n sí ẹni tó mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìjà yẹn ló la ọ̀nà fún òfin owó ọgbọọgba ti 1970, Castle náà ló sì gbé e lọ sílé aṣòfin.

Ohun tó ṣì ń bí mi nínú ni 1976. James Callaghan di olórí ìjọba ní oṣù Kẹrin, ó sì yọ Castle nípò mínísítà. Bó ṣe kúrò, àwọn mínísítà tó kù fẹ́ ti owó ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní inú máa bí àwọn ọkùnrin bí ẹ̀dínwó owó orí yẹn bá lọ, tí owó iṣẹ́ wọn sì dínkù. Àṣírí ìpàdé wọn tú, ariwo ta, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í san án díẹ̀díẹ̀ ní 1977.

Owó Castle ni mo máa ń pè é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pè é bẹ́ẹ̀.