Kí ẹ tó fún àìsàn ọpọlọ lórúkọ, ẹ bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀

Èrò ọkàn mi rèé o, ẹ̀yin ará Èkìtì. Bí ọmọ ọlọ́mọ bá ń dá sọ̀rọ̀ ní Ìjerò tàbí ní Ìkọ̀lé, tí kò fojú kan oorun láti ọjọ́ mélòó kan, "Kí ló ń ṣe é?" ni gbogbo èèyàn máa ń bèèrè. Wọn kì í sì í bi òun fúnra rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń bi, bí ẹni pé òun kò sí níbẹ̀. Lójú tèmi, "Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọ?" ló yẹ kó ṣíwájú, ẹni tọ́rọ̀ kàn gan-an la sì gbọ́dọ̀ bi.

Ibà ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà náà ní tiẹ̀. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí fọ́tò orí tó lè sọ pé ẹnì kan ní schizophrenia, àìsàn ọpọlọ tó lè mú kéèyàn máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì kò gbọ́. Ohun tí dókítà fojú rí àti ohun tí wọ́n rò fún un ló máa tò pọ̀, á wò ó bóyá àwọn àmì tí ìwé là kalẹ̀ ti pé. Ìwé WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí àwọn àmì náà ti wà fún oṣù 1, ìwé àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà ní oṣù 6. Aláìsàn kan náà lè gba èsì méjì. Ìyà tó ń jẹ ẹ́ jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé o. Orúkọ tí wọ́n fún un ni kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó bí a ṣe rò. Orúkọ yìí ló sì máa tẹ̀lé e dé ibi iṣẹ́, dé ìdí ìgbéyàwó, nítorí a mọ bí ilé ìyàwó ṣe ń wádìí ìdílé kí wọ́n tó fa ọmọ fún ni.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá lábẹ́ British Psychological Society, ẹgbẹ́ wọn ní ilẹ̀ Britain, tí Lucy Johnstone àti Mary Boyle ṣáájú wọn, gbé ìlànà kan jáde tó ń jẹ́ Power Threat Meaning Framework. Ìbéèrè ni wọ́n fi rọ́pò orúkọ àìsàn. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọ? Báwo ló ṣe kàn ọ́? Báwo lo ṣe túmọ̀ rẹ̀ lọ́kàn ara rẹ? Kí lo ń ṣe láti là á já? Wọ́n á tún bèèrè agbára tó kù sí i lọ́wọ́: ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ló mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wò lọ́dọ̀ wa. Opó kan ń gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ tó ti kú, kò jẹun, ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Bí ẹ bá bi í, ẹ lè gbọ́ pé àwọn àna ti gba oko kòkó lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ní òun ló pa ọkọ. Ilẹ̀kùn tó ń tì kò ṣe àjèjì mọ́. Oògùn lè fún un lóorun, àmọ́ kò lè gba oko padà. Èkìtì ní òfin tó lòdì sí ìwà ipá sí obìnrin láti ọdún 2011, wọ́n tún un ṣe ní 2019. Agbẹjọ́rò wà lára ìtọ́jú obìnrin yìí.

Ara ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò ṣá, lọ́jọ́ kan náà: ibà, ṣúgà ẹ̀jẹ̀, HIV, bóyá ó forí gbá nǹkan, bóyá ó ń mu igbó tàbí tramadol. Ibà tó wọ ọpọlọ lè mú kéèyàn máa sọ ìsọkúsọ, ó sì ń pani kíákíá. Bó bá jẹ́ abiyamọ ni, tí ìwà rẹ̀ yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ 2 lẹ́yìn ìbímọ, abísínwín lè ni. Ẹ má dúró dọjọ́ kejì, ẹ má sì fi òun àti ìkókó nìkan sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìjókòó. Ní Tornio, ní àríwá Finland, Jaakko Seikkula, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ di àṣà láàárín àwọn ọdún 1980 sí 1989 pé láàárín wákàtí 24 tí ẹbí bá ké sí wọn, aláìsàn, ẹbí àtàwọn olùtọ́jú á jókòó pa pọ̀, wọn kò sì ní í sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Láti 1954 ni Thomas Adeoye Lambo, dókítà ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn Àrò sí abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká l'Ábẹ́òkúta, pẹ̀lú ẹbí wọn.

Aláìsàn ni kó yan àwọn tó máa wá, kí wọ́n má ju 5 lọ. Ẹ má jókòó dí ẹnu ọ̀nà, kó má bàa rò pé ẹ fẹ́ mú òun ni. Bó bá ní òun ń gbọ́ ohùn, ẹ má ní irọ́ ni, ẹ má sì ní òótọ́ ni. Ẹ bi í ohun tí ohùn náà ń sọ, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ohùn ẹni tó jọ. Kí ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, kó kà á padà fún un, kí aláìsàn fúnra rẹ̀ tún ohun tó bá fẹ́ tún ṣe. Wákàtí 1 ti tó. Ẹ má túká láìjẹ́ pé ẹ ti mọ ẹni tó máa sùn tì í lóru yẹn àti ẹni tó máa gbé oúnjẹ wá. Ohun tó sábà máa ń ba ìjókòó jẹ́ ni kí àgbà kan sọ ọ́ di ìwàásù.

Èmi kò lòdì sí oògùn. Bí wọ́n bá fún un ní haloperidol, ọ̀kan lára oògùn àìsàn ọpọlọ, ọrùn lè wọ́, ojú lè yí sókè láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹbí á ní àwọn ayé ni, wọ́n á gbé e lọ sórí òkè, bẹ́ẹ̀ oògùn míì wà nílé ìwòsàn tó ń tú u sílẹ̀. Ẹ má dá oògùn dúró lójijì. Dókítà ló ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bí adáhunṣe bá ti fún un ní asofẹ́yẹjẹ, ẹ sọ fún dókítà. Èròjà kan tó ń jẹ́ reserpine wà nínú rẹ̀, ó ń mú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì lè mú kí ọkàn rẹ̀wẹ̀sì gidigidi.

Ní ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, pasán àti ààwẹ̀ tipátipá, ìwà ìkà ni. Irin á gé ẹran ẹsẹ̀, ẹni tí kò mu omi á dákú, ìyà yẹn á sì kún èyí tó dá a wó tẹ́lẹ̀. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù Kìíní 2023 ti rọ́pò ti 1958, ó sì ka aláìsàn sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́.

Bó bá ní ayé sú òun, ẹ bi í tààrà bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Bíbèèrè kọ́ ló máa fi í sí i lọ́kàn. Ẹ kó oògùn apakòkòrò oko kúrò nílé, ẹ má dá a fi sílẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ìbáà jẹ́ ti Adó tàbí ti Ìdó. Ẹ mú ìwé tí ẹ kọ níbi ìjókòó dání. Bí dókítà bá kọ orúkọ àìsàn sínú fáìlì, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi ìwé yẹn náà sí i.