Irọ́ ni pé ẹni tí kò ní kọ̀ǹtírà kò lè gba owó oṣù rẹ̀

"Kò níwèé, kò lẹ́jọ́." Ọ̀rọ̀ yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn aṣọ́de, awakọ̀ àti àwọn tó ń bá ọ̀gá tajà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀. Ó dùn wá, nítorí òun ló ń mú kí èèyàn fi owó tó ti ṣiṣẹ́ fún sílẹ̀ lọ. Òfin Bẹ̀nẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí Code du travail, òfin iṣẹ́ ọdún 1998, ń wò ni ẹni tó ń pàṣẹ àti ẹni tó ń sanwó. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìdarí àti àṣẹ ẹlòmíì, tó sì ń gbowó rẹ̀, òṣìṣẹ́ ni. Ìwé lè pè é ní prestataire, ìyẹn agbaṣẹ́ṣe, ọ̀gá sì lè ní kó lọ gba IFU, nọ́ńbà owó orí, kó máa kọ facture, ìwé ìbéèrè owó, lóṣooṣù. Adájọ́ ṣì lè ti orúkọ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni Cour de cassation, ilé ẹjọ́ gíga ilẹ̀ Faransé, ṣe lórí ọ̀rọ̀ awakọ̀ kan tó ń bá Uber, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ èrò orí fóònù, ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta ọdún 2020.

Àìsí ìwé yìí, ọ̀gá gan-an ló lè pa lára. Kọ̀ǹtírà tó ní gbèdéke, CDD, gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ. Bí kò bá sí, òfin á kà á sí èyí tí kò ní gbèdéke. "Oṣù mẹ́ta péré la jọ sọ" kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀ láìsí ìwé.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó gbowó náà ni òṣìṣẹ́ o. Bíríkìlà tó kó irinṣẹ́ rẹ̀ wá, tó mú ọmọọṣẹ́ tirẹ̀ dání, tó sì ń wá nígbà tó wù ú, agbaṣẹ́ṣe ni. Èyí tí wọ́n ń ṣọ́ ìgbà tó dé, tí wọ́n ń gé owó rẹ̀ bó bá pẹ́, tí kò sì lè rán ẹlòmíì wá dípò ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ̀rí ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń bàjẹ́. Ẹ tọ́jú àkọsílẹ̀ owó tó gba orí MoMo wọlé, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Ẹ má pa àṣẹ tí ọ̀gá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp rẹ́, ẹ tún fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ síbòmíì, torí fóònù a máa sọnù. Fọ́tò aṣọ iṣẹ́ àti báàjì wúlò. Ẹlẹ́rìí méjì tó mọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ tún wúlò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò rẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, SMIG, owó oṣù tó kéré jù tí òfin gbà láyè, jẹ́ 52 000 fráǹkì lóṣù. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 40 lọ́sẹ̀ tí wọ́n ń san 35 000 fún, 17 000 ló ń pàdánù lóṣù. Ní oṣù 14, ó di 238 000. Ẹ kọ oṣù kọ̀ọ̀kan sórí ìlà tirẹ̀. "Wọ́n jẹ mí lówó púpọ̀" kò ran adájọ́ lọ́wọ́.

Ẹ má sáré lọ ilé ẹjọ́ tààrà. Ọ̀dọ̀ inspecteur du travail, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́, lẹ kọ́kọ́ ń lọ, ọ̀fẹ́ sì ni. Á pe ìwọ àti ọ̀gá rẹ. Bí ẹ bá fẹnu kò, ẹ ka iye owó àti ọjọ́ ìsanwó inú procès-verbal, ìwé àkọsílẹ̀ ìjókòó náà, dáadáa. Bí ẹ kò bá fẹnu kò, procès-verbal de non-conciliation, ìwé tó fi hàn pé ẹ kò fẹnu kò, lẹ máa fi wọ ilé ẹjọ́: Àjàṣẹ́ fún àwọn ará ibẹ̀, Pobè fún àwọn ará Kétu. Bí ẹ bá fo ìgbésẹ̀ yìí, ilé ẹjọ́ lè dá yín padà.

Bí wọ́n bá gbé solde de tout compte, ìwé tí wọ́n fi ń parí gbogbo owó òṣìṣẹ́ tó ń lọ, síwájú yín tí owó rẹ̀ kò pé, ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ iye tí ẹ gbà gan-an àti ọjọ́ sí i kí ẹ tó fọwọ́ sí i, kí ẹ sì gba ẹ̀dà kan.