Yẹ́lò káàdì kì í kú lọ́dún 10 mọ́ o

Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dáyà já àwọn èèyàn. Ẹ kọ ọ́ sínú pósítì yín pé ẹni tí yẹ́lò káàdì ẹ̀, ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú (yellow fever), bá ti pé ọdún 10 gbọ́dọ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú míì kó tó wọ bàálù. Bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ nìyẹn, àmọ́ láti July 2016 ni wọ́n ti yí òfin yẹn padà lágbàáyé, ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó títí ayé, kódà káàdì àtijọ́ tí wọ́n kọ ọdún 10 sí lára ṣì ń ṣiṣẹ́. Dókítà lè ní káwọn kan tún un gbà o, bíi obìnrin tó wà nínú oyún nígbà tó gbà á, ìyẹn ò kan ìmígíréṣọ̀n rárá. Ọjọ́ 10 tó gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí káàdì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ ì bá kìlọ̀ ẹ̀ fún wọn, torí ẹni tó gbabẹ́rẹ́ lónìí tó fẹ́ fò lọ́la, káàdì ẹ̀ ò tíì múná. Ti àgbo tẹ́ ẹ tún fi kún un yẹn, tẹ́ ẹ ní ó ń wo ibà pọ́njú, háà! Àìsàn yìí ò lóògùn tó ń pa á. Ẹ bá wa tún pósítì yẹn ṣe jàre.