Fífa igun kiri lójú kọ̀ǹpútà kì í ṣe ẹ̀rí

Ìgbàgbọ́ kan ti ta gbòǹgbò láàárín àwọn tó ń kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní jiọ́mẹ́tìrì. Wọ́n ní bí ọmọ bá ti ya onígun márùn-ún sórí GeoGebra, áàpù tí a fi ń ya àwòrán jiọ́mẹ́tìrì, tó di ojú igun kan mú, tó fà á sókè sódò, tó sì rí i pé àpapọ̀ igun inú rẹ̀ kò kúrò ní dígírì 540, ó parí náà nìyẹn. Ọmọ ti rí ẹ̀rí fúnra rẹ̀; kí ni wọ́n tún ń fi àlàyé gígùn inú ìwé da ọmọ láàmú sí? Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olùkọ́ tó mọṣẹ́, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ọmọ ló ń mú wọn sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, mi ò ní fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọmọ náà rí dára, àmọ́ ẹ̀rí kọ́.

Ẹ má ṣì mí gbọ́, mi ò bá áàpù jà. Nígbà tí Markus Hohenwarter bẹ̀rẹ̀ GeoGebra ní 2001 ní Yunifásítì Salzburg lórílẹ̀-èdè Austria, irú rẹ̀ ti wà ṣáájú: Cabri nílẹ̀ Faransé, Geometer's Sketchpad ní Amẹ́ríkà. Ohun tí gbogbo wọn fi ju bébà lọ ni pé àwòrán inú wọn ṣeé fà, kì í sì í gbàgbé bí wọ́n ṣe yà á. Ẹni tó ń lo bébà á wọn onígun kan tàbí méjì, á ti rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ní áàpù á rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Fún dídá àbá, fún rírí ohun tó yẹ kéèyàn béèrè, mi ò mọ irinṣẹ́ tó jù ú lọ.

Níbi nọ́ńbà tó ń hàn ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Áàpù kò mọ òfin kankan nípa àpapọ̀ igun. Ó ń wọn igun kọ̀ọ̀kan, ó sì ń gé nọ́ńbà rẹ̀ kúrú kó tó gbé e síta. Ẹ ṣètò rẹ̀ kó máa kọ nọ́ńbà odidi nìkan, kí ẹ wá ya onígun mẹ́ta tí igun rẹ̀ jẹ́ 60.4, 60.4 àti 59.2. Yóò kọ 60, 60 àti 59. Ọmọ tó bá rò wọ́n pọ̀ á rí 179. A ó tètè dá a lóhùn pé kọ̀ǹpútà ló fi díẹ̀ sílẹ̀, pé 180 ló yẹ kó jẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n báwo la ṣe mọ̀? Ojú kọ́ ló sọ fún wa. Àlàyé tí a ní a ò nílò mọ́ la sáré padà lọ gbé, torí òun nìkan ló lè ya àléébù nọ́ńbà sọ́tọ̀ kúrò lára òfin.

Ìyẹn ṣì kéré. Bí ọmọ bá tẹ àwọn ojú igun onígun mẹ́ta yẹn lọ́nà tí ọwọ́ aago ń gbà yí, tó wá fi irinṣẹ́ igun tẹ inú rẹ̀, GeoGebra á wọn ìhà òde fún un, nítorí òdìkejì ọwọ́ aago ló máa ń gbà wọn igun. Àpapọ̀ á di 900! Àwọn olùkọ́ kan máa ń sá fún èyí nípa ṣíṣètò áàpù pé kí igun kankan má kọjá 180. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀fìn wà. Ẹ ya onígun mẹ́rin tí ojú igun rẹ̀ kan tẹ̀ wọnú bí orí ọfà, tí igun rẹ̀ jẹ́ 40, 50, 50 àti 220. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 360, bíi ti àwọn onígun mẹ́rin yòókù. Àmọ́ pẹ̀lú ètò yẹn, áàpù á kọ 140 dípò 220, àpapọ̀ á sì di 280. Ọmọ tó ń fà á á rí 360 tó dúró gbọin, tí yóò ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ ní kété tí ojú igun náà bá kọjá sínú. Kí ni ẹni tó gbà pé ojú ni ẹ̀rí máa sọ? Yóò sọ pé òfin náà kò kan onígun tó tẹ̀ wọnú. Ó kàn án o.

Àwọn kan á ní ètò ló bàjẹ́, pé bí a bá tún un ṣe, ọ̀pọ̀ àwòrán tó gba ọ̀nà kan náà tó ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ya róbótó, kó fi àmì méjì sí etí rẹ̀, kó fi ìlà so wọ́n: inú rẹ̀ pín sí 2. Àmì mẹ́ta tí a so mọ́ra wọn tán pín in sí 4, mẹ́rin pín in sí 8, márùn-ún pín in sí 16. Ta ni kò ní búra pé mẹ́fà á mú 32 wá? 31 ni. Bí àmì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá tiẹ̀ jìnnà síra dọ́gbadọ́gba, 30 ni, torí ìlà mẹ́ta á pàdé lójú kan ṣoṣo láàárín. Ẹ fa àmì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ẹ̀là kékeré kan á yọ, á di 31, kò sì ní ju bẹ́ẹ̀ lọ láéláé. Mo fẹ́ kí wọ́n ṣe èyí kí wọ́n tó débi àpapọ̀ igun, torí ọmọ tó bá ti rí i kò ní fojú kékeré wo ìbéèrè “ṣé gbogbo ìgbà ni?” mọ́.

Michael de Villiers, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìṣirò ní South Africa, ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ọmọ tó ti fa àwòrán títí kò ní iyèméjì tí à ń lé lọ mọ́. Ohun tó kù tí ẹ̀rí lè ṣe fún un ni kó sọ ìdí. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ pátápátá. Kí a má bi ọmọ bóyá òótọ́ ni. Kí a bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ 180 gan-an ló ń lé sí i nígbàkígbà tí ẹ̀gbẹ́ kan bá lé sí i.

Áàpù yìí kan náà ló sì lè là á yé e. Ẹ mú onígun márùn-ún, kí ẹ gbé ojú igun kẹfà sórí ọ̀kan nínú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìrísí rẹ̀ kò yí padà, àmọ́ igun tuntun tó wà lórí ìlà títọ́ yẹn jẹ́ 180: 540 ti di 720 kí ẹnikẹ́ni tó fa nǹkan kan. Ẹ wá fà á síta. Onígun mẹ́ta kan hù jáde, ká ní igun rẹ̀ jẹ́ 30, 40 àti 110. Àwọn aládùúgbò méjèèjì gba 30 àti 40, igun tuntun jẹ́ 110, àròpọ̀ 180. Ẹ tì í wọnú dípò bẹ́ẹ̀: àwọn aládùúgbò pàdánù 30 àti 40, igun tuntun di 250, ohun tó lé sí i ṣì jẹ́ 180. Ọmọ tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe èyí mọ ìdí tí orí ọfà kò fi lè jẹ́ 280, ó sì lè bá ètò áàpù jiyàn.

Gbogbo rẹ̀ wá dá lé 180 inú onígun mẹ́ta, èyí tí Euclid, onímọ̀ ìṣirò ará Gíríìsì, ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Kristi. A fa ìlà gba orí rẹ̀ kọjá, èyí tí kò ní pàdé ìdí rẹ̀ láéláé. Igun méjèèjì tó wà nísàlẹ̀ á tún yọ lápá ọ̀tún àti òsì lókè, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì tò sórí ìlà títọ́ kan. Ṣé gbogbo onígun la lè fi onígun mẹ́ta kọ́ báyìí, àní èyí tó lọ́ bí ó ti wù kó lọ́? Bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò bá ti gba orí ara wọn kọjá. Onímọ̀ ìṣirò Gary Meisters fi hàn ní 1975 pé onígun bẹ́ẹ̀, tí igun rẹ̀ bá ti ju mẹ́ta lọ, ní ó kéré tán “etí” méjì, ìyẹn onígun mẹ́ta tó ṣeé gé kúrò létí rẹ̀ láì ba ìyókù jẹ́.

Bí ẹ̀gbẹ́ bá wá gba orí ara wọn kọjá ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Kí wọ́n fa onígun márùn-ún náà títí tó fi di ìràwọ̀ ẹlẹ́nu márùn-ún. Nọ́ńbà á ní 180, kò ní sọ 540, kò sì sí ètò kankan tó bàjẹ́. Ẹni tó bá rìn yí ẹ̀gbẹ́ onígun lásán ká máa ń yí po ní 360 kó tó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá rìn yí ìràwọ̀ ká yí po lẹ́ẹ̀mejì, 720, a sì yọ ọ́ kúrò nínú 900 (igun àti yíyí ní ojú igun kọ̀ọ̀kan jẹ́ 180 lápapọ̀, ojú igun márùn-ún sì ló wà), ó ku 180.